Mọ́ọ̀dù, Ike àti Ìdà: Bí Àwọn Olùkójọ Ṣe Ń Dá Àwo Gọ́ọ̀fù Mọ̀

Nínú eré ìdárayá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní disc golf, tí a lè pè ní gọ́ọ̀fù aláwo, kò sí ọ̀pá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bọ́ọ̀lù. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ike ṣe ni eléré máa ń fi ọwọ́ jù láti orí pèpéle kan títí yóò fi bọ́ sínú agbọ̀n irin tí ṣéènì rọ̀ sí lórí, ẹni tí iye jíjù rẹ̀ bá sì kéré jù lọ nígbà tí gbogbo agbọ̀n pápá náà bá parí ni ó borí. Àlejò lè wo ogún irú àwo bẹ́ẹ̀ kí ó sì gbà pé àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré náà mọ̀ pé àwo méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí wọ́n wúwo bákan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan yà sí ọ̀tún kí èkejì já sí òsì nígbà tí ọwọ́ kan náà bá jù wọ́n, nítorí pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sójú àwo kò sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ohun mẹ́ta ló ń sọ ìyókù: mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí àwo tí wọ́n ń da ike yíyọ́ sí, irú ike tí wọ́n dà sínú rẹ̀, àti ìdà, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn àwo tí ilé-iṣẹ́ ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń kó àwo jọ láìmọ àwọn ohun mẹ́ta yìí, òǹtẹ̀ aláràbarà lásán ló ń kó jọ.

Ìpínlẹ̀ California ni ìtàn náà ti ṣẹ̀. Walter Frederick Morrison ló ṣe àwo oníke tí ilé-iṣẹ́ Wham-O rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1957, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Frisbee. Edward Headrick, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Steady Ed, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wham-O, tún ìrísí àwo náà ṣe kí ó lè máa fò láìmì. Òun náà ló ṣètò pápá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láti wà títí fún eré yìí, ní Oak Grove Park ní 1975; òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn eléré rẹ̀, PDGA, sílẹ̀ ní 1976, òun ló sì gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí agbọ̀n oníṣéènì. Nígbà tí ó kú ní 2002, wọ́n po díẹ̀ nínú eérú ara rẹ̀ mọ́ ike, wọ́n sì fi ṣe àwo gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́. Nínú gbogbo àwo tí ènìyàn lè fi sí àkójọ rẹ̀, kò sí èyí tí ọ̀wọ̀ yẹ ju ìyẹn lọ.

Àwo tí Headrick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń jù kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré létí òkun: ó fẹ̀, ó fúyẹ́, etí rẹ̀ sì yípo láìmú. Ìyípadà ńlá dé ní 1983, nígbà tí Dave Dunipace, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Innova sílẹ̀, ṣe àwo kan tí ó pè ní Eagle, tí etí rẹ̀ tẹ́ wá sí ẹnu ṣóńṣó dípò kí ó yípo. Etí bẹ́ẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ kọjá láìsí ìdènà púpọ̀, nítorí náà àwo lè kéré, kí ó wúwo, kí ó sì lọ jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ìgbà náà ni mọ́ọ̀dù ti ń bí mọ́ọ̀dù. Ní ọdún kejì ni àwo Aviar dé, tí wọ́n ṣì ń dá títí di òní, Roc sì tẹ̀ lé e ní 1987. Àwọn mọ́ọ̀dù tí PDGA ti fọwọ́ sí fún ìdíje ti lé ní 1,000 báyìí.

PDGA kì í fọwọ́ sí ohunkóhun tó bá wù ẹnikẹ́ni láti dá. Àwo kò gbọdọ̀ kéré ju sẹ̀ǹtímítà 21 lọ láti etí dé etí, etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.6 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju gíráàmù 8.3 lọ fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí ó fẹ̀. Òfin ìwọ̀n yìí ló fà á tí Roc, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21.7, fi lè wúwo tó gíráàmù 180, nígbà tí àwo mìíràn tó ń jẹ́ Destroyer, tí ó fẹ̀ tó 21.1, fi gbọdọ̀ dúró sí nǹkan bí 175. Òfin mìíràn sọ bí ẹnu etí àwo ti lè mú tó, kí ó má baà ṣe ènìyàn léṣe, òmíràn sì sọ bí ó ti gbọdọ̀ rọ̀ tó nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọgbọ́n àwọn tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ nínú àyè tóóró yìí ni, ó sì yani lẹ́nu bí ìyàtọ̀ tí wọ́n rí fà yọ nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Kí ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwo ń ṣe lójú ọ̀run. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ju àwo, àwo náà á máa yí bí ọwọ́ aago ti ń yí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí eré rẹ̀ pọ̀, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e máa ń wà lẹ́yìn àárín rẹ̀, ó sì ń fẹ́ tẹ imú àwo wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń yí kì í gbà kí a tì í síbi tí a fẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo síwájú ni agbára náà ti máa ń hàn, nítorí náà dípò kí imú rẹ̀ wálẹ̀, àwo á dẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún. Nígbà tí eré bá ń tán, agbára afẹ́fẹ́ á sún síwájú àárín, á fẹ́ gbé imú àwo sókè, ìyípo kan náà á sì sọ ìyẹn di ìdẹ̀gbẹ́ sí òsì. Ọ̀nà àwo ọlọ́wọ́ òsì jẹ́ òdìkejì èyí. Bí ìdẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe pọ̀ tó nínú àwo kan ni ìwà àwo náà, mọ́ọ̀dù ló sì kọ́kọ́ ń pinnu rẹ̀.

Ojú tó mọ mọ́ọ̀dù wò máa ń wo ibi mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ etí: etí tó fẹ̀ ń fẹ́ eré púpọ̀, apá tí kò lágbára kì í sì rí èrè rẹ̀ jẹ. Ìkejì ni bí ojú àwo ṣe wú tó. Ojú tó wú máa ń jẹ́ kí àwo pẹ́ lókè, ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ìkẹta ni ìlà ìpàdé, ibi tí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ etí ti pàdé ní ẹnu àwo, èyí ló sì ṣe pàtàkì jù lọ: bí ìlà náà bá ga sókè, àwo á máa fà sí òsì, bí ó bá rẹlẹ̀, á máa rọ̀ mọ́ ọ̀tún, ìyàtọ̀ tí kò tó mìlímítà kan sì tó láti yí ìwà àwo padà. Ìkẹrin ni ìlẹ̀kẹ̀, òkìtì tín-ín-rín tó yí ìsàlẹ̀ etí àwo mìíràn ká. Aviar jẹ́ ẹ̀rí tó dára fún èyí. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe Aviar aláìnílẹ̀kẹ̀ àti Aviar onílẹ̀kẹ̀ ńlá. Èkejì ń kojú afẹ́fẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń já sí òsì níparí, síbẹ̀ ẹni tó bá béèrè fún Aviar nílé ìtajà láìsọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Láti ran àwọn olùrà lọ́wọ́, Innova gbé nọ́ńbà mẹ́rin kalẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti tẹ̀ lé, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sójú àwo. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni iyára, èyí tó ń sọ bí eré àwo ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó kí ó tó hùwà bó ti yẹ. Ìkejì ni ìrábàbà, bí ó ti lè pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ tó. Ìkẹta ni ìyàsọ́tùn-ún ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi àmì àyọkúrò kọ. Ìkẹrin ni ìjásósì ìparí. Destroyer jẹ́ 12, 5, −1, 3, àwo ọ̀nà jíjìn fún alágbára ni. Leopard jẹ́ 6, 5, −2, 1, ó sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Firebird jẹ́ 9, 3, 0, 4, kò sì sí ohun tó lè mú un gbàgbé òsì. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ìfojúdíwọ̀n ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n, ohun tó sì yẹ kí gbogbo olùrà fi sọ́kàn ni pé nọ́ńbà kan náà ni Innova máa ń tẹ̀ sára mọ́ọ̀dù kan, ìbáà jẹ́ ike olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi dá a tàbí ike olówó ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ike ti wọlé.

Ike máa ń dé ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí hóró kéékèèké. Ẹ̀rọ á yọ́ ọ, á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù láti ibi àárín, ike náà á sì tàn ká títí dé etí. Nígbà tí ó bá ti tutù díẹ̀, wọ́n á ṣí mọ́ọ̀dù, àwo á jáde, ìyókù ìtutù rẹ̀ á sì máa lọ ní ìta. Bí ike ti ń tutù ló ń súnkì, irú ike kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí ó ṣe ń súnkì tirẹ̀, débi pé mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lè bí àwo tí ojú rẹ̀ wú àti èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́, èyí tí ìlà ìpàdé rẹ̀ ga àti èyí tí tirẹ̀ rẹlẹ̀. Iye àkókò tí wọ́n fún àwo nínú mọ́ọ̀dù àti ìgbóná ẹ̀rọ ń yí i padà. Kódà àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ike ń dá kún un. Bí aláró méjì bá rẹ aṣọ tí wọ́n fi pátákó kan náà ya ọnà sí, ìkòkò aró ni yóò sọ bí dúdú aṣọ kọ̀ọ̀kan ti máa jinlẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdà kan ṣe ń yàtọ̀ sí èkejì.

Ike àwo pín sí ọ̀nà méjì gbòòrò. Ti àkọ́kọ́ ni ike ìpìlẹ̀, tí Innova ń pè ní DX tí ilé-iṣẹ́ Discraft sì ń pè ní Pro D. Ó rọ̀ lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mú dáadáa, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n igi méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá kọlù ti tó láti fi àpá sí i lára. Èkejì ni ike alágbára, tí polyurethane wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń fara da ìyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Champion ti Innova àti Z ti Discraft le, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gba inú wọn kọjá. Star ti Innova àti ESP ti Discraft kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, wọ́n sì rọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀ jù wọ́n lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́ọ̀dù kan náà nínú Champion máa ń fà sí òsì ju bó ti rí nínú DX lọ. Lójú òtútù, ike líle máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ eléré fi ń lo ike ìpìlẹ̀ fún àwo àjùwọlé, èyí tí wọ́n ń fi parí iṣẹ́ nítòsí agbọ̀n, níbi tí bí ó ṣe di ọwọ́ mú ti ṣe pàtàkì ju bí yóò ti pẹ́ tó lọ.

Àìlera DX kì í ṣe àléébù lásán, ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ àwo ti jinlẹ̀ jù. Bí àwo DX bá ti ń kọlù igi, ẹnu etí rẹ̀ á máa kúnjú, ìlà ìpàdé rẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀, nítorí náà àwo tó ń já sí òsì nígbà tó wà ní titun á di èyí tó ń lọ tààrà, lẹ́yìn náà á di èyí tó ń yà sí ọ̀tún. Roc ni àwọn àgbà eléré fi mọ ọgbọ́n yìí jù. Wọ́n á ní Roc titun fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kojú wọn, Roc tó ti gbó díẹ̀ fún ọ̀nà tó tọ́, àti Roc arúgbó fún ibi tí ọ̀nà bá ti kọ sí ọ̀tún. Nígbà tí arúgbó bá sọnù, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí ipò rẹ̀, wọ́n á sì ra titun. Ọwọ́ tó fẹ̀sọ̀ mọ mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ ti mọ ohun tí ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún mọ́ọ̀dù tí kò gbó lè má mọ̀ láéláé.

Orúkọ ike náà tún ń da ojú rú. Latitude 64 ní Sweden, Dynamic Discs ní Emporia ní ìpínlẹ̀ Kansas, àti Westside Discs ti Finland ń pín ike lò láàárín ara wọn, nítorí náà ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń pè ní Opto ni ẹni kejì ń pè ní Lucid, tí ẹni kẹta sì ń pè ní VIP. Discmania, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Finland, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé iṣẹ́ dídà fún Innova, C-Line rẹ̀ sì jẹ́ Champion tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ MVP ní ìpínlẹ̀ Michigan gba ọ̀nà tirẹ̀ láti 2010: ike méjì ni wọ́n ń lò fún àwo kan, ọ̀kan fún ojú, èkejì tó wúwo fún etí lóde, kí ìwọ̀n lè pọ̀ sí ẹ̀bá kí àwo sì lè máa yí pẹ́. Ní ti wọn, kò tó láti béèrè irú ike tí wọ́n fi dá àwo. Ó yẹ kí a béèrè èyí tó wà lójú àti èyí tó wà létí.

Ìfiwéra tó dára kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù yóò sọ bóyá ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí abẹ́ àwo jẹ́ òótọ́. Bí a bá gbé àwo méjì sórí tábìlì tó tẹ́, tí a sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, ìyàtọ̀ ìlà ìpàdé àti ti wíwú ojú á hàn kedere, àtàǹpàkò tí a sì fi tẹ ojú àwo yóò sọ bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni pápá kù. Ó yẹ kí a ju àwo méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ní gíga kan náà, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ níwájú ń mú kí gbogbo àwo hùwà bí ẹni pé eré rẹ̀ ti pọ̀ sí i, a sì máa fà wọ́n sí ọ̀tún. Ìwọ̀n wọn náà gbọdọ̀ súnmọ́ra. Àwo gíráàmù 165 tí wọ́n fi wé ti 175 kò lè sọ ohun tó dájú nípa ike, nítorí pé èyí tó fúyẹ́ á máa yà sí ọ̀tún láìka ike rẹ̀ sí.

Láti inú ìfiwéra báyìí ni ìkójọ ti jáde. Nígbà tí àwọn eléré rí i pé ìdà kan dára ju àwọn tó tẹ̀ lé e lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá a káàkiri, àìpọ̀ sì sọ ọ́ di ohun iyebíye. Roc tún ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Bí ilé-iṣẹ́ Innova ti ń ṣí láti ìlú kan sí òmíràn ní California ni orúkọ ìlú tí wọ́n ń kọ sára àwo ń yí padà, nítorí náà Roc tí wọ́n kọ San Marino sí lára ti wá ju ti Ontario àti ti Rancho Cucamonga lọ lójú àwọn olùkójọ, orúkọ ìlú sì di orúkọ àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni CE, ike alágbára tí Innova kọ́kọ́ fi ta lọ́jà kí ó tó di Champion tòní, tí àwọn kan ṣì ń san owó gọbọi lé nítorí bí ó ti rí lọ́wọ́ àti bí ó ti pẹ́ tó.

Nǹkan mìíràn tó ń gbé iye àwo ga ni ìrántí. Ken Climo gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìgbà 12, àwọn àwo tí wọ́n fi òǹtẹ̀ 12 yìí bu ọlá fún un sì wà nínú ọ̀pọ̀ àkójọ. Ní 2021, nínú ìdíje àgbáyé ní Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah, James Conrad ju àwo kan láti nǹkan bí mítà 75, ó sì wọ agbọ̀n tó kẹ́yìn tààrà, iye jíjù rẹ̀ sì bá ti Paul McBeth dọ́gba, ó sì borí rẹ̀ nínú àfikún eré tó tẹ̀ lé e. Envy, àwo àjùwọlé ti Axiom, ọ̀kan lára àwọn orúkọ tí MVP ń tà, ni àwo náà, gbogbo ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí wá Envy. Mọ́ọ̀dù yẹn ti wà tẹ́lẹ̀, kò sì yí padà ní ọjọ́ náà. Ìtàn tó dì mọ́ ọn ni àwọn olùrà ń sanwó fún, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn bí ẹni tó ń rà á bá mọ̀ pé ìtàn ni òun ń rà.

Láàárín àwọn olùkójọ, wọ́n ń fi òṣùwọ̀n láti 1 dé 10 sọ ipò àwo: 10 ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì jù rí, nọ́ńbà á sì máa lọ sílẹ̀ bí àpá ti ń pọ̀. Wọ́n tún máa ń sọ bóyá íǹkì wà lára rẹ̀, nítorí pé eléré máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ àwo kí ẹni tó bá rí i nínú igbó lè dá a padà, íǹkì bẹ́ẹ̀ sì ń dín owó rẹ̀ kù. Ibí yìí ni ìfẹ́ eré àti ìfẹ́ ìkójọ ti ń takora. Àwo tí wọ́n fi pamọ́ fún ogún ọdún láìjù ti pa ìrísí ìdà rẹ̀ mọ́, ìlà ìpàdé rẹ̀ ṣì wà bí ó ti jáde láti inú mọ́ọ̀dù, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí tí àwo gbígbó kò lè fúnni mọ́, nítorí pé irin mọ́ọ̀dù náà máa ń gbó, ilé-iṣẹ́ á tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àwo tó bá sì jáde lẹ́yìn náà kì í sábà rí bákan náà pátápátá. Síbẹ̀, ẹni tí kò ju ọ̀kan rí nínú ìdà kan kò lè sọ ohun tí ìdà náà ń ṣe. Àwọn olùkójọ tó lóye jù lọ máa ń wá méjì: ọ̀kan fún pẹpẹ, ọ̀kan fún pápá.

Ti pẹpẹ ní ọ̀tá kan tó lágbára, oòrùn. Inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn lè gbóná débi tí àwo yóò fi wọ́, ike ìpìlẹ̀ sì ni ó kọ́kọ́ máa ń wọ́. Wọ́n lè rì í bọ omi gbígbóná kí wọ́n sì fi sórí ohun tó tẹ́ títí yóò fi tutù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí sì ń mú un padà sípò, ṣùgbọ́n àwo tí wọ́n tọ́ báyìí kì í tún ṣe ẹ̀rí ìdà rẹ̀ mọ́. Níbi tó tutù, tí oòrùn kò ti ń wọlé, ni ó yẹ kí ó wà, pẹ̀lú ìwé kékeré tí wọ́n kọ mọ́ọ̀dù, ike, ìwọ̀n tí òṣùwọ̀n sọ, ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ àwo, àti bí èkejì rẹ̀ ti fò ní pápá sí, kí ẹni tí yóò jogún rẹ̀ lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.